Orúkọ Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ọ Láyà

Gàníyù àbúrò mi,

Gbogbo ilé ní àdúgbò wa ní Dapoya ń kí ọ lórí òkun. Barka, a dúpẹ́ fún owó oògùn. Orúnkún Ìyá ti fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Mo fi fọ́tò rẹ nínú ọkọ̀ afẹ́ yẹn han Bàbá. Ó ní kí n ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ láyà. Mo kà á: “Gary.”

“Ta ni Gary?”

Mo ní ọ̀gá yín ló sọ pé Gàníyù ṣòro pè fún àwọn èrò ọkọ̀.

Bàbá ti oúnjẹ sẹ́yìn. “Ẹnu wọn gba ẹran tí ọmọ mi gbé fún wọn, kò gba orúkọ rẹ̀?”

Àwọn Mossi ọjà níbí tí kì í ṣe Yorùbá pàápàá ń pe Gàníyù já gaara!

Jọ̀ọ́, lọ bá ọ̀gá náà, kó dá orúkọ rẹ padà. Ọlọ́run á mú ọ gúnlẹ̀ láyọ̀. Bàbá ní Gàníyù lòun ń gbàdúrà fún. Òun ò bẹ Ọlọ́run fún Gary kankan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Karimatou