Ẹ Má Ṣe Ha Ọ̀dà Yẹ́lò Ara Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Òpópónà Kejì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìwé.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Amójútó,
Gbọ̀ngàn Ọkọ̀ Àtijọ́,
Òpópónà Ilé Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ NÍPA ÀWỌ̀ ỌKỌ̀ BÀBÁ MI TÓ WÀ NÍ GBỌ̀NGÀN YÍN

Mo gbọ́ ìpinnu yín pé ẹ fẹ́ ha ọ̀dà yẹ́lò ara ọkọ̀ náà kúrò, kí ẹ dá a padà sí àwọ̀ eérú tí ilé iṣẹ́ fi ṣe é, nítorí pé yẹ́lò kì í ṣe ojúlówó. Èmi kò bá yín jiyàn pé eérú ni wọ́n kùn ún wá. Ọ̀rọ̀ "ojúlówó" yìí ni kò wọ̀ mí létí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Agbaṣẹ́ṣe ni bàbá mi. Nígbà tí iṣẹ́ ìkọ́lé ń lọ déédéé ni ó ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì náà, ó sì ń kẹ́ ẹ bí àbígbẹ̀yìn. Èmi gan-an ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Nígbà tó yá, ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan tí òun àti ìyá mi ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, ó ṣáájú jáde, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan, ó jókòó, ó sì sọ fún obìnrin tó wà nídìí ọkọ̀ pé kí àwọn máa lọ sílé, ebi ń pa òun. Ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni ni. Ìyá mi dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ẹ̀rín tán, omi ojú kò tán.

Dókítà ní nínú irú àìsàn ojú tirẹ̀, àwọ̀ tó bá tàn bíi yẹ́lò ni yóò máa rí pẹ́ jù. Ìyá mi kò bi ẹnikẹ́ni. Ó wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kun ọkọ̀, ó ní kí wọ́n kùn ún ní yẹ́lò tó tàn jù lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ará àdúgbò ní ó ti ba ọkọ̀ olówó iyebíye jẹ́. Ó dá wọn lóhùn pé ẹwà ọkọ̀ lè sọnù, kí ọkọ òun má ṣáà ti sọnù. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò ṣi ọkọ̀ wọ̀ mọ́.

Ìyá mi ti di olóògbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ó fi ọkọ̀ náà ta yín lọ́rẹ, kò sì ṣẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò máa wà á. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń mú bàbá mi wá. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín mọ̀ wá dáadáa. Bàbá kò rí ojú mi mọ́, ohùn ni ó fi ń dá mi mọ̀. Síbẹ̀, bí a bá ti wọlé, yóò gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, yóò kọjá lára gbogbo ọkọ̀ yòókù, yóò lọ tààrà sí ìdí tirẹ̀. Yóò gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, yóò sì ní òun kò ṣì í lónìí náà. Ibẹ̀ nìkan ló kù láyé tí ó ti ń dá rìn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọ̀dà eérú wà lábẹ́ yẹ́lò náà, kò lọ síbì kankan. Ilé iṣẹ́ ló bí ọkọ̀ yìí, àwa la wò ó dàgbà. Ẹ kọ ìtàn àwọ̀ méjèèjì sára pátákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi yẹ́lò sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí bàbá mi bá ṣì ń wá. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣeé fi sílẹ̀, ẹ bá mi dá ilẹ̀kùn kan ṣoṣo sí, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó máa ń jókòó.

N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un, ẹnu mi kò gbà á. Ó ti ní kí n bá òun lọ ẹ̀wù tí òun yóò wọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, mo sì ti ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dúró láàárín gbọ̀ngàn yín, kó máa wá ìyàwó rẹ̀ kiri láàárín ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi tán.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Aránṣọ Òpópónà Kejì,
Àbígbẹ̀yìn Bàbá Agbaṣẹ́ṣe.