Ọjọ́ Keje Kò Lè Dúró De Ogójì

Ẹ̀gbọ́n mi Ilhom,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín, mo sì kí àwọn ọmọ yín tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo sanra. Ara gbogbo wa le ní Margilan. Màlúù wa ti bímọ. Ìyá ọkọ mi ń fi omi ẹran àgùntàn bọ́ mi bí ẹni ń sìn àgbò.

Ọmọ mi pé ọjọ́ márùn-ún lónìí. Ẹ rántí pé nígbà tó wà níkùn, dókítà rí i pé apá ọ̀tún ọkàn rẹ̀ tóbi ju apá òsì lọ. Ó ní ọ̀pọ̀ irú wọn kì í ní ìṣòro, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá àwọn mìíràn máa ń fún pọ̀ lẹ́yìn ìbí, pé kí n gbé e wá kó tó pé ọjọ́ méje. Ìyá ọkọ mi ní abiyamọ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà kí ogójì ọjọ́ tó pé.

"Ọmọ tó ń mu ọmú báyìí? Dókítà yẹn gan-an ló lárùn ọkàn!"

Ó ti gba fóònù mi. Ọkọ mi ò lè gbójú sókè wo ìyá rẹ̀.

Láti àárọ̀ yìí, ọmọ ń sùn lọ lẹ́nu ọmú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù.

Awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Tashkent ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi. Ẹ gbé ọkọ̀ yín wá gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má ra ẹ̀bùn, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Ẹ sáà tẹ hóònù níta. Mo ti wọ bàtà.

Àbúrò yín,
Mohlar