Èsì Àyẹ̀wò Ikọ́ Ife Mi Tí Wọ́n Fi Gbàdúrà ní Gbangba

Ojúlé Kẹtàlá,
Àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odò,
Ìkirè, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìwòsàn Ìtura-Ayọ̀,
Ìkirè, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ LÓRÍ ÈSÌ ÀYẸ̀WÒ MI TÍ WỌ́N KÉDE NÍBI ÀDÚRÀ ÒWÚRỌ̀, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÌRÀNLỌ́WỌ́ KÍÁKÍÁ

Èmi ni olórí ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn yín. Mi ò fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn yín rí, àfi awakọ̀ yín tó fi aṣọ ibùsùn nu táyà. Ọ̀rọ̀ tòní ju ti táyà lọ.

Ní oṣù tó kọjá, ẹ pàṣẹ pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe àyẹ̀wò kòkòrò ikọ́ ife tó ń fara pamọ́ sínú ara. Àṣẹ náà dára, èmi ni mo kọ́kọ́ ká apá aṣọ sókè. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lápá. Nígbà tí wọ́n padà wá wò ó, ojú abẹ́rẹ́ ti wú. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, ó mọ́ tónítóní. Dókítà Olúwadámiláre ṣàlàyé pé kòkòrò náà wà lára mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń sùn ni. Pé mi ò ṣàìsàn, mi ò sì lè kó o ran ẹnikẹ́ni, oògùn tí wọ́n fún mi ni kò ní jẹ́ kó jí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú wọ́ọ̀dù yín ni mo ti kó o. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn.

Àdúrà ni mo bá yín jà lé lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, níbi àdúrà tí àwa òṣìṣẹ́ máa ń ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Mètíróònù Ìrètí pè mí síwájú. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n dá orin ni. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Olúwa, gba Arábìnrin Jemima lọ́wọ́ ikọ́ ife." Gbogbo wọ́n ṣe àmín, títí kan àwọn aláìsàn tó ń dúró gba káàdì àti ìyá onígúgúrú ẹnu géètì. Mo mọ̀ pé inú rere ni Mètíróònù fi ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èmi àti dókítà kọ́ ló yẹ kí onígúgúrú ṣe àmín sí.

Opó ni mí. Tíṣà Obadiah ti Apòmù, tí ìyàwó tiwọn náà ti kú, fẹ́ fẹ́ mi, wọ́n sì ti ń kéde ìgbéyàwó wa ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Kí n tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́jọ́ àdúrà yẹn, Apòmù ti gbọ́. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà obìnrin, Àǹtí Àmọ̀kẹ́, ránṣẹ́ pè mí, kí ẹbí lè fi etí ara wọn gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

Mo lọ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé àga mi sí, wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, wọ́n sì dákẹ́ bí ẹni ń retí èsì ìdìbò. Mo gbé dòdò Ìkirè dání, èyí tó dúdú dáadáa, tí ata rẹ̀ kò mọ àgbà. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú mi, mi ò wúkọ́. Àǹtí Àmọ̀kẹ́ ní mo ń pa á mọ́ra ni. Ibi tí gbogbo wọn ti ń wo ẹnu mi ni Tíṣà fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, wọ́n wúkọ́ títí wọ́n fi di ògiri mú. Àǹtí Àmọ̀kẹ́ ní, "Ata ni, ẹ fún un lómi." Tíṣà kò tíì fọwọ́ kan dòdò náà rárá.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé Ìkirè. Nígbà tí mo jókòó sílé, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Láti ọdún Àjíǹde ni Tíṣà ti ń wúkọ́ yẹn, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì wọn sì ti ń fẹ̀ jù wọ́n lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ yín. Wọ́n ní, "Jemima, wọn á gbàdúrà fún mi."

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún Mètíróònù kí wọ́n máa gbàdúrà fún wa láìdárúkọ. Ọlọ́run mọ orúkọ wa. Ẹ rán Dókítà Olúwadámiláre sí Apòmù, kí wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mi fún ẹbí náà, kí wọ́n sì mú ike tí wọ́n fi ń gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dání fún Tíṣà. Bí ẹbí bá gbà mí, inú mi á dùn. Bí wọn ò bá gbà mí, ẹ ṣì bá mi tọ́jú Tíṣà. Mo ti sin ọkọ kan, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Ẹ má jẹ́ kí n sin ìkejì kí n tó fẹ́ ẹ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí kì í wúkọ́,

Jemima Ọlámijù (Ìyáàfin)
Olórí Ilé Ìfọṣọ