Kòkó Òní Di Tìẹ

Wúrà,

Mo ti lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Iyán rẹ wà nínú kúlà.

Kùrukùru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká nílẹ̀ láàárọ̀ yìí nígbà tí mo gbọ́ orin. Ìwọ ni, ò ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó lórí ẹní bí mo ṣe kọ́ ọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rìn lójú àlá. Láti ìgbà tí ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ti lé oorun lójú rẹ, tí bàbá rẹ fi mú ọ wá láti Òṣogbo, n kò gbọ́ kí o kọrin rí. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí o má baà dákẹ́.

Má bínú pé mo jágbe mọ́ ọ lánàá, nígbà tí òjò ṣú tí o kò tètè kó kòkó wọlé.

Bí òjò bá ṣú, tí àyà rẹ sì ń já, kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, kí o wá kó kòkó wọlé. O ti mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò ní sáré wálé.

Màmá Ifẹ̀wàrà