Kẹ́ẹ̀gì Ẹ̀yìn Faiz

Bàbá Khalidat, ẹ kú àbọ̀ òkun.

Díẹ̀ ló kù kí Faiz já sómi. Khalidat àti eré àwọn ọmọ akọni tó ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n yẹn ni. Láàárọ̀ yìí, ó fi híjáàbù mi ṣe aṣọ ìfò fún àbúrò rẹ̀, ó sì tú kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a so mọ́ ọmọ náà lẹ́yìn kó má baà rì. Etí afárá pákó iwájú ilé ni mo ti fa Faiz padà. Nígbà tí mo jágbe mọ́ Khalidat, ó ní akọni kì í gbé kẹ́ẹ̀gì, pé nínú ẹgbẹ́ àwọn akọni inú eré yẹn, ẹni tó kéré jù ló máa ń gba gbogbo wọn là.

Mo ti so kẹ́ẹ̀gì náà padà. Àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ Àdùkẹ́, aládùúgbò wa. Ẹ tètè lọ mú wọn. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sọ́jà Igbókòdá ti ń pè èrò, ẹja tí mo yan ò sì lè dúró dọ̀la. Ẹ má fìbínú pa tẹlifíṣọ̀n o. Ìgbà tí wọ́n bá ń wò ó nìkan ni wọ́n ń jókòó sójú kan.

Mo bi Khalidat pé ta ni bàbá rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Ó ní ẹ̀yin lẹ máa ń dé kí omi tó gbé ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé oorun wà lójú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn.