Asáré-Má-Débìkan àti Ṣọ́ọ̀kì Tuntun Rẹ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Ọkọ mi tún lọ sí pápá tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré. Ó dé pẹ̀lú ojú tó wú. Bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì ló yà á kọjá ní kọ́nà tó kẹ́yìn, nínú ọkọ̀ tó fi ń gbé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kiri, ó sì tún juwọ́ sí i. Ìjuwọ́ yẹn ló dùn ún jù.

Ó ní ṣọ́ọ̀kì tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ wa ló ti gbó. Látìgbà tó ti wọlé, ṣọ́ọ̀kì ṣáá. Ọkọ̀ ń fì bó bá fẹ́ yí kọ́nà, ó ń dojú bolẹ̀ bí òun bá tẹ búrékì. Mo ní ṣé kì í ṣe ẹni tó ń wà á ni. Olùkọ́ ìṣirò ni, kì í dáhùn ìbéèrè tí kò bá sí nínú ìwé.

Láti òní lọ, Asáré-Má-Débìkan lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Asáré, fún ìgbà tí ọwọ́ mi bá dí.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Mo gbé Màmá lọ fún ìtọ́jú ẹ̀yìn wọn kí n tó lọ ṣíṣẹ́. Gbogbo Ajé nìyẹn. Màmá ni ìyá tó bí Asáré, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Lónìí, níbi tí mo gbé ọkọ̀ sí, wọ́n ní kí n wò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n de okùn bàtà ara wọn, wọ́n sì nà padà. Kò sẹ́ni tó gbé wọn dìde. Ojú wọn ń dán.

Mo fẹ́ràn obìnrin yìí. Mo kọ ọ́ síbí nítorí n kì í sọ ọ́ lẹ́nu.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Ìpàdé ńlá lórí tábìlì oúnjẹ mi. Asáré, Mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ wa ṣe, àti ọ̀rẹ́ Asáré tí mo ń pè ní Amọ̀tán — kò sí ohun tó wà láyé tí kò mọ̀. Ó mọ ìdí tí ìrẹsì mi fi rọ̀ jù. Ó jẹ ẹ́ tán kó tó sọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Mẹkáníìkì ní kí wọ́n yọ ṣọ́ọ̀kì tó ti gbó, kí wọ́n fi irú rẹ̀ tuntun sí i, ó parí. Ó ní ó rẹ ọkọ̀ náà ni, kò ṣàìsàn. Amọ̀tán ní rárá, sípíríǹgì kúkúrú, èyí tó le bí òkúta. Bó bá ṣe le tó ni ọkọ̀ á ṣe yára tó. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọ̀nà kẹta ni ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tí wọ́n jọ wà lójú kan, tó ní kókó kékeré lórí: o yí i sápá kan, ó le fún pápá, o yí i sápá kejì, ó rọ̀ fún ìgboro.

Màmá gbọ́ títí, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Asáré rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, wọn ò pa òwe yẹn fún mọ́tò."

Ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì kìíní sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Ó ti mú ọ̀nà kẹta. Mo ní ọkọ̀ àwa méjèèjì ni, Màmá sì ń wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀yìn tí kò tíì san tán. Ó gbọ́wọ́ lé àyà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni òun yóò máa rọ̀ ọ́ fún Màmá, òun yóò sì máa mú un le padà bí ọjọ́ pápá bá kù dẹ̀dẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Mo gbà. Orí mi náà ò pé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti dè é mọ́ ọn. Ọkọ̀ mi wá rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Kò rọ̀ ọ́. Mo rán an létí nídìí oúnjẹ ọ̀sán, mo tún rán an létí nígbà tó ń lọ aṣọ. Ó ní Amọ̀tán ní kí òun jẹ́ kí sípíríǹgì kọ́kọ́ jókòó ná. Kí ló ń dúró ṣe tẹ́lẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Gegele márùn-ún ni wọ́n mọ sójú títì láti ilé wa dé ilé ìtọ́jú. N kò mọ̀ pé márùn-ún ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Lónìí, mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹní mọ àwọn àna rẹ̀. Mo rọra ń rìn, ẹlẹ́sẹ̀ ń kọjá wa, síbẹ̀ gbàà ni lábẹ́ ìdí. Bọ́ńpà ha ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Nígbà tí a dé, mo ṣílẹ̀kùn, wọn ò bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún Asáré. Ó béèrè bóyá Màmá fúnra wọn sọ pé ó dùn wọ́n. Kí n tó lanu, ohùn Màmá ti jáde láti yàrá: "Kò dùn mí o."

Ìyá ni. Bí ọmọ wọn gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n á ní eṣinṣin ni. Òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi béèrè nìyẹn. Inú bí mi débi pé gíláàsì mẹ́ta ni mo gé bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe awò ojú. Ojú àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí ló ń jìyà ṣọ́ọ̀kì Asáré.

Ní báyìí, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síléèwé. Ó ní kí táyà má baà jẹ dànù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Mo tẹ̀ lé e lọ sí pápá. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Mo sì rí i. Kọ́nà kan wà níbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ti gbó, ó rí gbágungbàgun. Gbogbo ọkọ̀ tó bá dé ibẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Tiwa dé ibẹ̀, ó ń tọ bí ẹni tó tẹ ẹyin iná — ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ó bà, ó tún kúrò. Táyà tí kò sí nílẹ̀, kí ló fẹ́ fi di ilẹ̀ mú? Bàbá arúgbó yẹn yà á kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó juwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá yìí dára léèyàn o.

Asáré pẹ́ ju ìgbà tí ó fi ṣọ́ọ̀kì gbígbó sáré lọ. Ó ní táyà ni. Lẹ́yìn náà, ó ní oòrùn ni. Amọ̀tán kúnlẹ̀ tì í, ó fọwọ́ na irin, ó ní ṣọ́ọ̀kì náà kò tíì le tó. Asáré wá yí i títí tí kò fi ṣeé yí mọ́.

Àwọn méjì tí wọ́n kàwé gboyè. Mo wo ojú ọ̀run.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Kò rọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá

Màmá ní ara àwọn ti yá, àwọn ò lọ síbi ìtọ́jú mọ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́, mo padà. Mo bá wọn lójú ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì lára ògiri, wọ́n ń fẹsẹ̀ wọ́ lọ. Wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo padà jáde jẹ́jẹ́.

Obìnrin tó ń tọ́jú wọn pè mí lọ́sàn-án. Ó ní bí wọ́n bá dúró báyìí, ẹ̀yìn yóò tún gan bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì lè má gbọ́ ìtọ́jú mọ́. Ó ní kí n gbé wọn wá ní Ọjọ́bọ̀, òun á fàyè sílẹ̀.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún. Mo nu ojú, mo wọlé lọ gé gíláàsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ bá Mẹkáníìkì. Mo ní kó fi bí wọ́n ṣe ń yí nǹkan yìí hàn mí. Ó wò mí. Ó ní, "Màdáámù, ṣé ọ̀gá mọ̀?" Mo ní ọ̀gá mọ ohun gbogbo, èmi ni mi ò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ìka méjì ló gbà. Kókó méjì wà níwájú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, méjì lẹ́yìn nínú búùtù lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Apá ọ̀tún, ó le. Apá òsì, ó rọ̀. Ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Sùkúrù tó wà lára awò ojú ọmọ ọdún mẹ́ta le ju èyí lọ. Nítorí iṣẹ́ ìka méjì yìí ni ìyá ẹni fi ń fi ògiri rìn.

Mo yí gbogbo rẹ̀ sósì, ó ku díẹ̀ kó dé òpin. Mo wa ọkọ̀ gba orí gegele kìíní. Mo dá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ bíi wèrè.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá

Mo gbé Màmá lọ. Mo ní kí wọ́n dákun bá mi dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí a fi dé gegele kẹta, wọ́n ti ń tòògbé.

Lọ́la, n ó mú ṣọ́ọ̀kì le padà kí Asáré tó mọ̀. N kò fẹ́ ariwo.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Mo ti ṣí búùtù. Ọwọ́ mi ti wà lórí kókó. Mo gbọ́ Asáré ní pálọ̀, ó ń ṣàlàyé fún Màmá pé obìnrin kì í fẹ́ràn ohun tó le nítorí pé kò yé wọn.

Mo pa búùtù dé. Kó máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Kó lọ máa fì níbẹ̀ lójú ayé, kí bàbá arúgbó juwọ́ sí i títí ọwọ́ á fi ro bàbá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá

Asáré gba ipò kejì.

Mo tún kà á. Ipò kejì. Ó gbé ife kan wálé, kò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ, ó gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó yà bàbá arúgbó kọjá ní kọ́nà gbágungbàgun yẹn gan-an. Ó ní òun juwọ́.

Amọ̀tán bá a wá, ó jẹun, ó ní ṣé òun ò sọ bẹ́ẹ̀, líle ni gbogbo ẹ̀. Asáré mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, líle ni. Màmá pàtẹ́wọ́. Èmi ń bu omi fún wọn. Ẹrẹ̀kẹ́ ń dùn mí nítorí mo pa eyín pọ̀ kí n má baà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹwàá

Mo rí Asáré láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ó ṣí búùtù, ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ó yí kókó náà díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń ka iye kẹ́ tó ń dún. Ó yí i padà síbi tó bá a. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé orí. Ó pa búùtù dé jẹ́jẹ́.

Ó mọ̀, àbí? Ó mọ̀ pé rírọ̀ ló fi gba ife.

Amọ̀tán pè é lórí fóònù nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán. Mo gbọ́ ọ. Asáré dá a lóhùn, "Líle ni, ọ̀rẹ́ mi, líle ni." Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Mo ti mọ̀ pé kò gbọ́n. N kò mọ̀ pé ojo ni.

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹwàá

Mo múra, mo lọ mú Màmá. Aṣọ ilé ṣì ni wọ́n wọ̀. Wọ́n jókòó ti tábìlì, Asáré ń mu tíì lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, kó wà bó ṣe le yẹn. "Látìgbà tí mo ti bí i, kò gba nǹkan kan rí àfi ìwé-ẹ̀rí. Ẹ̀yìn tèmi ti gbó ná. Ẹ jẹ́ kọ́mọ mi máa gba ife."

Mo wo Asáré. Ó ń wo inú tíì. Mo ní bí ọkùnrin yìí bá gbé tíì yẹn mì láìsọ̀rọ̀, mo ti bá a parí. N kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ délẹ̀ nínú mi. Ó gbé ife tíì náà sókè.

Ó gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ lọ wọṣọ. Kò le. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta gan-an, kò le. Ìyàwó mi ló rọ̀ ọ́ nítorí yín, òun ló jẹ́ kí n gba ipò. Ní kọ́nà àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ojú ló tì mí lójú ọ̀rẹ́ mi." Ó wá bẹ ìyá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ó ṣe wọ aṣọ iléèwé, táì rẹ̀ wà nílẹ̀.

Màmá ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi ló ni ife." Wọ́n fi ọwọ́ ti tábìlì, wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé ife kékeré yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé e síwájú mi. Wọ́n lọ wọṣọ.

Asáré ló wa ọkọ̀ gbé wa lọ. Èmi àti Màmá wà lẹ́yìn. Ní gbogbo gegele, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ nínú dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Nígbà tí a dé, ó pe Amọ̀tán lórí fóònù níbẹ̀, lójú wa, ó sọ òótọ́ fún un. Mo gbọ́ bí Amọ̀tán ṣe ń rẹ́rìn-ín. Asáré ò gé e mọ́ ọn lẹ́nu, ó gbọ́ ẹ̀rín náà tán.

Ife yẹn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni mo ti ń kẹ́gàn ọkùnrin yìí, iṣẹ́ ẹ̀gàn náà sì ń lọ dáadáa. Ó wá bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.