Wákàtí Mẹ́fà Tí Ẹ Fi Dúró Dè Mí

Ẹ kú ulé o, Màámi. Ẹ kú ìrọ́jú. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì Àǹtí tí mò ń bá tọ́jú ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mo kí yín. Mo kí bùọ̀dá mi Sùlé, mo kí gbogbo àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́. Bàámi nìkan ni mi ò mọ bí mo ṣe máa kí. Ẹ má wo ìkọ̀wé mi o, ẹ mọ̀ pé mi ò parí iléèwé. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ni, kí Sùlé kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mò ń di ẹrù. Bàámi ń bó ẹ̀gẹ́, ó ní bí òun bá kú ńkọ́, ṣé màá lè dé kí wọ́n tó sin òun? Ẹ ní kó yéé sọ ọ̀rọ̀ burúkú. Mo yẹ fóònù wò: Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà, wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ lójú ọ̀run. Mo yọ ààbọ̀ kúrò kó lè dùn létí Bàámi, mo ní wákàtí mẹ́fà péré ni. Mi ò dárúkọ ọ̀nà Èkó sí Ìkẹ́rẹ́ rárá. Bàámi rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí ọ̀kadà bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lọ́nà oko ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń sọ ọ́ kiri mọ́ṣáláṣí pé ọmọ òun ò jìnnà.

Àárọ̀ tí Sùlé pè, mò ń wọ bàtà fún àwọn ọmọ Àǹtí. Ó ní Bàámi kírun àsùbáà tán, kò dìde mọ́. Mo ké, mo ní mò ń bọ̀. Màámi, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Páásípọ́ọ̀tù mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibí nítorí ìwé ìgbélùú látìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò tíì dá a padà. Mi ò kàn fẹ́ jẹ́ ọmọ tó máa sọ pé òun ò lè wá. Mo mú àwọn ọmọ lọ síléèwé. Bọ́ọ̀sì kún fọ́fọ́, kò sẹ́ni tó kí mi kú àfẹ́kù.

Mi ò mọ̀ pé ẹ ń ka wákàtí mẹ́fà tí mo sọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Sùlé ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Ó ní nígbà tí wọ́n kírun àílà ọ̀sán tán, Àáfà ní kí wọ́n gbé Bàámi, pé òkú Mùsùlùmí kì í dúró de àlejò. Ẹ ní Mùínátù kì í ṣe àlejò. Ẹ ní ó ti ní òun ń bọ̀, ọmọ yín kì í purọ́. Àwọn àgbà ń kùn, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ jókòó ti ṣọ́bìrì. Sùlé mọ bí ọ̀nà Èkó sí Ìkẹ́rẹ́ ṣe jìn tó, àmọ́ kò lè là á yé yín. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun alásárì ìrọ̀lẹ́ lẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé e, ẹ sì ń bẹ Bàámi pé kó má bínú, ọkọ̀ ló dá mi dúró.

Ọkọ̀ kankan ò dá mi dúró, Màámi. Mò ń fọ abọ́ nílé Àǹtí lásìkò yẹn.

Mo ti ka ọ̀nà náà báyìí. Láti ẹnu ilẹ̀kùn ibí dé ẹnu ilẹ̀kùn yín, ọjọ́ kan gbáko ni, fún ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ o. Sùlé ní ẹ ṣì ń gbé àpótí yín síta nírọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ bá ti dúró ẹ ó na ọrùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àpótí wọlé. Mi ò sí lọ́nà.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ Bàámi, kó dá ẹ̀mí yín sí kí n lè bá yín láàyè. Ẹ bá mi kí gbogbo ulé. Bí ẹ bá ń ṣàdúrà fún Bàámi, ẹ bá mi sọ fún un pé wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ ni.

Èmi ni ọmọ yín tó purọ́,
Mùínátù